Sẹ́kọ́ǹdì Méjìdínlógún Tí Mo Jí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú pé mi ò ní dárúkọ ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojú ń tì mí. Àmọ́ tí ẹ bá dé Kabba tí ẹ béèrè Tíṣà Aago, wọ́n á júwe ilé mi fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn tí wọ́n máa fi júwe rẹ̀ kò ní dùn létí.

Babátọ́pẹ́ lorúkọ mi. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń lu agogo ilé ìwé, mi ò sì fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ rí. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn o, síbẹ̀ tí mo bá ń kọjá lọ, wọ́n á fi ìkíni ilẹ̀ wa kí mi pé, "Okun o, Tíṣà. Aago mélòó ló lù?" Tí mo bá ti sọ ọ́, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́fà tó ń gbá sínúkà, eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì, nílẹ̀ Okun fi panu pọ̀ pé èmi ni kí n máa di aago mú nínú líìgì wọn. Egbe gbà, Mopa gbà, Ìsánlú gbà. Wọ́n ní ọmọ Kabba ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago mi kì í ṣe ọmọ ìlú kankan.

Òfin wa kò le. Ẹni tó bá kàn ní ogójì sẹ́kọ́ǹdì láti gbá bọ́ọ̀lù. Tó bá ku mẹ́wàá, màá kígbe, "Ó ku mẹ́wàá!" Tí ogójì bá pé tí kò tíì gbá a, màá ní, "Àkókò tó!" Ó di kí ẹnìkejì máa gbá a nìyẹn.

Ọ̀nà ló jẹ́ ká ṣe òfin yẹn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Kabba sí Egbe lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Tí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn ajínigbé ló ni ín. Nítorí náà, aago méjìlá la máa ń bẹ̀rẹ̀, eré mẹ́sàn-án, tó bá sì fi máa di aago mẹ́rin ààbọ̀, àlejò gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Òfin kejì ni pé àlejò tó bá lọ kí eré tó parí, ó ti pàdánù ife nìyẹn. Àwọn kan ló fà á lọ́dún àkọ́kọ́. Tí ìyà bá ti ń jẹ wọ́n nídìí tábìlì, kíá ni wọ́n á rántí pé ọ̀nà ò dáa.

Lọ́dún tó kọjá, àwa àti Egbe la pàdé ní àṣekágbá. Ó ku kí Boaz tiwa gbá bọ́ọ̀lù dúdú, èyí tó máa ń parí eré, wọlé. Boaz, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọkùnrin yẹn lè yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ogójì pé. Mo ní, "Àkókò tó!" Egbe gba ife lọ.

Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ìyẹn kò kéré. Wọ́n sọ mí ní Ọmọ Egbe. Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun mi láti ọdún gbọọrọ ní kí n wọkọ̀ lọ gẹ̀ ẹ́ ní Egbe. Tí mo bá débi tí wọ́n ti ń ṣàwàdà, àwàdà á tán. Ẹ lè máa fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni mo fi jẹ́ àlejò nínú ìlú bàbá mi.

Nígbà tí àṣekágbá ọdún yìí kù ọ̀la, Ọládipọ̀ wá bá mi nílé ìwé. Àbúrò Theresa ìyàwó mi ni, òun náà sì ni kápítéènì Kabba.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní ṣe bíi ti èṣí?"

"Kí ni mo ṣe ní èṣí? Òfin ni mo tẹ̀ lé."

"Mo mọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ purọ́ o. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Boaz fara balẹ̀. Ta ló máa mọ̀ bóyá ogójì ni tàbí ọgọ́ta? Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń wo aago."

"Kí nìyẹn fẹ́ ṣe fún yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá ti di aago márùn-ún, ọwọ́ àwọn ará Egbe á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò dìgbà tá a bá nà wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ló máa bá wa nà wọ́n."

Ó yẹ kí n fi ẹgba ọwọ́ mi lé e jáde. Mo ní, "Kúrò níwájú mi jàre," ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́, Ọládipọ̀ sì rí ẹ̀rín yẹn. Bó ṣe ń lọ, ó ń súfèé.

Lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀sì funfun ṣọ́ọ̀ṣì kan ló gbé àwọn ará Egbe wá. Oníbọ́ọ̀lù márùn-ún ni wọ́n, Josiah awakọ̀ sì ṣìkẹfà. Olúṣínà ni kápítéènì wọn. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó wà ní kékeré, kí bàbá rẹ̀ tó kú tí Tabitha ìyá rẹ̀ fi kó wọn padà sí Egbe. Ó ti di géńdé ọkùnrin, àmọ́ gbalaja ló ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ tó bá rí mi.

"Okun o, Tíṣà mi. Bí mo ṣe rí i pé ẹ̀yin lẹ di aago mú, ọkàn mi ti balẹ̀."

"Gbé ara ẹ nílẹ̀, ọmọ yìí," mo dá a lóhùn. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan Boaz, ó fi ṣọ́ọ̀kì pa orí ọ̀pá rẹ̀, ó yí tábìlì po, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún nàró. Mo wo aago tó wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí à ń tẹ̀ tí àwọn ọmọ bá ń sáré ìdíje. Ogójì pé. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ọgọ́ta. Ìgbà tó pé márùndínlọ́gọ́rin ni Boaz gbá bọ́ọ̀lù.

Olúṣínà wò mí. "Tíṣà, ṣé aago ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣé, sà." Kò tún béèrè mọ́. Ó gbà mí gbọ́.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan kan tó máa yà yín lẹ́nu. Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ iye sẹ́kọ́ǹdì tí kálukú lò sí. Ẹ máa rò pé ogójì ni mo kọ fún Boaz. Rárá o. Márùndínlọ́gọ́rin ni mo kọ. Ẹnu mi lè dákẹ́ lórí irọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kọ máàkì àwọn ọmọ sílẹ̀, ọwọ́ mi kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ irọ́. Mo rò pé kò séwu, torí pé kò sẹ́ni tó ń ka ìwé náà yàtọ̀ sí èmi.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́rin ààbọ̀, eré mẹ́fà péré la ṣì gbá. Josiah yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jọ̀ọ́ o. Oòrùn ń lọ."

"Ó máa tó parí," Olúṣínà dá a lóhùn. Ó gbá bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e kíákíá, ó sì tàsé. Ọládipọ̀ ṣẹ́jú sí mi.

Nígbà tó di aago márùn-ún, òjò ṣú. Ọwọ́ àwọn ará Egbe ti ń gbọ̀n lóòótọ́ bí Ọládipọ̀ ṣe wí. Àmọ́ ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo rò ó pé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àkókò fún Boaz, mo tún rò ó pé tí mo bá pè é báyìí, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè é láti ọ̀sán. Irọ́ ti gbé mi wọ kòtò, mi ò rí ibi tí mo fẹ́ gbà jáde.

Josiah tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi gan-an ló wá. Ó tẹ̀ sí etí mi.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi dá wọn dúró. Ẹ sún ìyókù sí ọjọ́ mìíràn. Ọ̀nà yẹn ò ṣe é gbà lálẹ́. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí."

"Josiah, ṣé èmi ni mo ṣòfin ni? Lọ dúró níta."

Ó wò mí títí, ó sì jáde. Títí di òní, tí mo bá dijú, ojú yẹn ni mo máa ń rí.

Eré di mẹ́rin sí mẹ́rin. Ó ku ẹyọ kan. Ọládipọ̀ àti Olúṣínà ló kojú ara wọn, bọ́ọ̀lù dúdú nìkan ló sì kù lórí tábìlì. Olúṣínà ló kàn. Bọ́ọ̀lù náà wà lẹ́nu ihò, ọmọdé gan-an lè gbá a wọlé. Olúṣínà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

Mo gbójú sókè, mo rí onígbàjámọ̀ yẹn láàárín èrò. Ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Àkókò tó!"

Olúṣínà nàró, bí ẹni tí wọ́n ta omi sí lára. "Tíṣà? Ẹ ò tíì pe 'Ó ku mẹ́wàá.'"

"Mo pè é. Ariwo òjò ni kò jẹ́ kó o gbọ́."

Òjò kò tíì rọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé òjò kò tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn tẹrí ba, ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì kúrò nídìí tábìlì. Ọládipọ̀ gbá bọ́ọ̀lù dúdú wọlé.

Ariwo sọ! Wọ́n gbé mi sókè. Onígbàjámọ̀ ló gbé ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. "Tíṣà wa! Tíṣà wa!" Mò ń rẹ́rìn-ín lójú, ẹ̀rù ń bà mí nínú. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fa ìwé mi yọ, mo kọ sẹ́kọ́ǹdì tí Olúṣínà lò, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: eré parí, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjì.

Ẹnì kan sọ fún àwọn ará Egbe pé kí wọ́n sùn. Josiah ní bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ni, òun sì ní èèyàn láti gbé wá sí ìsìn láàárọ̀. Ká ní mo dá sí i ni, wọ́n á sùn. Mi ò dá sí i. Ohun tí mò ń rò ni pé tí wọ́n bá sùn, ọ̀rọ̀ aago á jáde, wọ́n á wá bi mí léèrè. Mo fẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn.

"Tíṣà, ó dàbọ̀ o," Olúṣínà wí láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. "Ẹ bá mi kí Màmá nílé." Wọ́n lọ tán ni òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Mo délé. Theresa gbé oúnjẹ fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo pe fóònù Olúṣínà, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́jọ lù, fóònù tèmi dún. Mo fò dìde. Tabitha ni.

"Okun o, Tíṣà. Ẹ má bínú o. Àwọn ọmọ yìí ò tíì dé. Aago mélòó ni wọ́n kúrò lọ́dọ̀ yín?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ òru wá ìdí tí ẹnu mi fi sọ ohun tó sọ. Òfin ní mẹ́rin ààbọ̀. Tí mo bá ní mẹ́fà, á ní kí ló dé.

"Mẹ́rin ààbọ̀," ni mo sọ.

"Mẹ́rin ààbọ̀! Yéè! Á jẹ́ pé wọ́n ti kọjá Ìsánlú kí nǹkan tó ṣe wọ́n! Olúṣínà mi o!" Ó já fóònù náà mọ́ mi létí.

Mo jókòó. Mo sọ fún ara mi pé táyà ló jò, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Theresa ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá.

Nígbà tí aago mẹ́jọ ààbọ̀ lù, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá Ọlọ́runṣọlá ni, alága líìgì wa. Sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni olórí àwọn fijilánté tó ń ṣọ́ Kabba. Ìsìnkú kan ló gbé e lọ sí Ìkòyí ilẹ̀ Okun lọ́jọ́ náà, kò sí níbi eré. Òjò ti lù ú, ó sì ní tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Tabitha ní mẹ́rin ààbọ̀ lo sọ pé wọ́n gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo sún àga kan sí i, kò jókòó.

"Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọdẹ Egbe àti Ìsánlú ṣe ti wọ inú igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ mẹ́rin ààbọ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wà. Mo kàn fẹ́ kó o fi dá mi lójú. Aago tí mọ́tò gbéra ló máa sọ ibi tó dúró sí. Tí a bá ṣi aago, igbó tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ la máa tú títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Mi ò ronú débẹ̀ rí. Mo rò pé ojú ara mi nìkan ni mo fi irọ́ náà bò. Àṣé mo ti fi rán àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n là gba ọ̀nà ibòmíràn.

"Bàbá Ayọ̀kẹ́mi," Theresa pè mí lórúkọ àkọ́bí wa. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Sọ ọ́, àbí kí n bá ẹ sọ ọ́. Mo gbọ́ ariwo ife yín látibí, mo sì wo aago."

Mo ní, "Mẹ́fà ni."

"Kí lo wí?"

"Aago mẹ́fà kọjá ni wọ́n lọ, Bàbá. Kì í ṣe mẹ́rin ààbọ̀."

Bàbá Ọlọ́runṣọlá tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. "Eré tó yẹ kó ti parí kí mẹ́rin ààbọ̀ tó lù, kí ló gbé e dé mẹ́fà? Níbo ni ìwé rẹ wà?"

Theresa ló lọ yọ ìwé náà nínú àpò ẹ̀wù mi. Bàbá dúró sí àárín pálọ̀, ó ń kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀sùn ní kóòtù.

"Boaz, márùndínlọ́gọ́rin. Boaz, ọgọ́ta ó lé mẹ́jọ. Boaz, mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọládipọ̀, ọgọ́ta." Ó ń ṣí ewé, ó ń kà. Ó dé ìlà Olúṣínà tó gbẹ̀yìn. Ó kà á sínú, ó sì pa ìwé náà dé. "Babátọ́pẹ́."

Láti ogún ọdún tí a ti mọra, kò pè mí lórúkọ rí. Tíṣà ló ń pè mí.

"Èèyàn mẹ́fà," ó ní. "Nítorí ife."

Ó ti ń pe fóònù. "Ẹ padà! Ẹ kúrò nínú igbó yẹn, wọn ò sí níbẹ̀! Ẹ máa bọ̀ níhà Mopa!" Ó yíjú sí mi. "Wọ bàtà. Ìwọ lo mọ aago, wàá bá wa lọ."

Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ fijilánté láàárín àwọn ọkùnrin oníbọn, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Ní Ayétòrò, àwọn fijilánté ibẹ̀ ní bọ́ọ̀sì funfun kan kọjá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Àwọn tó wà lẹ́bàá Mopa ní bọ́ọ̀sì kankan kò kọjá. Ó ti wá hàn pé àárín ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn afárá kékeré kan, iná mọ́tò wa bá igi ńlá kan tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà. Ọwọ́ òsì ni bọ́ọ̀sì náà wà, ó ti fi ìdí wọ kòtò. Wọ́n ti já ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Bàbá Ọlọ́runṣọlá tan tọ́ọ̀ṣì sí ìjókòó awakọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Olúṣínà o!" àwọn fijilánté ń pè. "Josiah o! Ẹ jáde, àwa ni!"

Igbó dákẹ́. Ta ló máa dáhùn? Ajínigbé náà lè pe orúkọ. Wọ́n pè títí, kò sí ìdáhùn, Bàbá sì ti ń sọ pé ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kó wọn lọ.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo kọjú sí òkùnkùn yẹn, mo fi gbogbo ohùn tí mo ní kígbe.

"Ó ku mẹ́wàá!"

Òjò nìkan ló ń dún. Mo tún kígbe. "Ó ku mẹ́wàá! Olúṣínà! Ó ku mẹ́wàá!" Ẹkún ti gbà mí lóhùn.

Ewé mì. Ẹnì kan dáhùn lọ́nà jíjìn, ohùn náà tín-ín-rín. "Tíṣà? Tíṣà mi, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó jáde wá, ẹrọ̀fọ̀ dé ìbàdí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, òun mọ̀ pé kò sí ajínigbé tó lè mọ̀ ọ́n. Àwọn yòókù ń bẹ lẹ́yìn àpáta kan. Àwọn ọkùnrin kan ló dábùú igi, Josiah fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn láti sá fún wọn, bọ́ọ̀sì sì já sí kòtò. Irin bọ́ọ̀sì ti fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Egbe gbé e sá wọ igbó, wọ́n sì fi ẹ̀wù dí i lẹ́nu kó má bàa ké, nígbà tí àwọn ọkùnrin náà ń tú ẹrù wọn lójú ọ̀nà.

Èèyàn mẹ́fà la kó padà. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúpẹ́ tán.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ Josiah lórúnkún. Dókítà sọ fún Bàbá Ọlọ́runṣọlá pé ká ní wọ́n gbé e dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú ni, àwọn ì bá dá ẹsẹ̀ náà sí. Láti ìgbà tí mo purọ́ fún Tabitha títí di ìgbà tí mo sọ òótọ́, ogójì ìṣẹ́jú ni. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó.

Kabba dá ife padà. Ọládipọ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀, ó ní mo fi ẹnu àti ìwé ba ti gbogbo ìlú jẹ́. Onígbàjámọ̀ ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn burúkú ni mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo wọkọ̀ lọ sí ọsibítù tí wọ́n gbé wọn lọ. Josiah ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó rí mi, ó sì fa aṣọ bo ibi tí ẹsẹ̀ yẹn yẹ kó wà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Kò ní kí n dìde.

Olúṣínà wà ní bẹ́ńṣì níta. Ó ti gbọ́ ti Boaz, gbogbo ayé ló ti gbọ́. Mo jókòó tì í.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí. Gbogbo ìgbà tá a wà nínú igbó yẹn, mò ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ní kí wọ́n forí jì mí, pé èmi ni mo lọ́ra nídìí bọ́ọ̀lù dúdú. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá Josiah náà. Ó ń sọ pé kò séwu, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lára rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Nígbà tẹ́ ẹ pe 'Àkókò tó,' sẹ́kọ́ǹdì mélòó ni mo ti lò?"

Mo lè purọ́. Ìlà yẹn nìkan ni Bàbá kò kà síta. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

"Méjìlélógún," ni mo sọ.

Ó ṣírò ó. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì bíi ti ọjọ́sí nínú kíláàsì mi. "Ó ku méjìdínlógún," ó ní. Ó dìde, ó wọlé lọ bá Josiah, kò dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan ṣọ́, kó ṣọ́ ọ. Tí ìlú rẹ bá ní kó o ta á kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ, jẹ́ kí wọ́n kórìíra rẹ. Mo ṣì ń lu agogo ilé ìwé, mi ò sì tíì pẹ́ rí. Tí mo bá ń kọjá lọ, wọ́n ṣì máa ń kí mi pé okun o. Ìkíni náà ló ń tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé aago mélòó ló lù mọ́.